Òkè Odi ní Princes Town: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ògiri Àtijọ́ Etí Òkun



Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo mú wá. Àwọn ènìyàn wa ti fẹ́ràn láti máa lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti wo òkè, òkun àti ilé àtijọ́. Èyí dára púpọ̀, nítorí ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tún sọ pé ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ènìyàn lè dé ibi kan, kí ó gun orí òkè rẹ̀, kí ó yin ẹwà rẹ̀, kí ó sì padà sílé láìrí ohun tí ó yẹ kí ó rí níbẹ̀. Ibi kan ni mo fẹ́ mú yín lọ ní alẹ́ yìí, kí a lè jùmọ̀ wò ó dáradára: òkè kan ní etí òkun ilẹ̀ Ghana, àti odi àtijọ́ tí ó wà lórí rẹ̀.

IBI TÍ ÒKÈ NÁÀ WÀ

Ní apá ìwọ̀-oòrùn etí òkun ilẹ̀ Ghana, èyí tí a ń pè ní Gold Coast kí ó tó gba òmìnira ní ọdún 1957, ilẹ̀ na ọrùn wọ inú òkun ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tí ó na ọrùn jù lọ síhà gúúsù ni a ń pè ní Cape Three Points, nítorí ṣóńṣó ilẹ̀ mẹ́ta ni ó yọ sínú omi níbẹ̀. Àwọn ará Pọ́túgà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn. Ilé ìmọ́lẹ̀ tí a kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1925 wà fún títọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Bí a bá ti ibẹ̀ tẹ̀lé etí òkun lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, kí a tó dé ìlú Axim, a ó kan ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Princes Town. Pokesu ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ilẹ̀ àwọn Ahanta sì ni. Òkè kan wà ní ìlú náà tí ó yọ sójú òkun. Manfro ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ sì ni odi náà wà.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ láti Èkó yóò kọjá Sẹ̀mẹ̀, Kútọnù, Lómé àti Accra, yóò sì tẹ̀síwájú dé Takoradi, títí yóò fi dé Agona Nkwanta. Láti ibẹ̀ ni títì ti lọ sí Axim, lára títì yìí ni ọ̀nà kékeré kan sì ti yà sí ọwọ́ òsì, tí ó la àárín oko kọjá títí dé etí òkun. Ìrìn náà gùn, kì í sì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan.

Nígbà tí ènìyàn bá gun òkè náà dé orí, àárẹ̀ ọ̀nà yóò fò lọ. Níwájú rẹ̀ ni òkun ti tẹ́ lọ títí ojú kò fi lè tó òpin rẹ̀, tí ìgbì ń wọ́ bọ̀, tí ó ń fọ́ lára àpáta nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, tí iyanrìn funfun àti igi àgbọn tẹ̀lé e lọ. Àwọn apẹja ń ti ọkọ̀ wọn wọ omi, àwọn ọmọdé sì ń dúró dè wọ́n létí iyanrìn. Afẹ́fẹ́ tútù a máa fẹ́ sí i lára. Ẹni tí ó bá ní ọkàn tí ń dúpẹ́ yóò dúpẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni odi náà wà, tí a fi òkúta kọ́, tí apá kan rẹ̀ ti wó, tí a sì ti tún apá kan ṣe. Ní ọdún 1979, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́ nítorí ìtàn, òun pẹ̀lú àwọn odi mìíràn ní etí òkun Ghana. Láti ọdún 1482 tí àwọn ará Pọ́túgà ti kọ́ ti Elmina, títí di ọdún 1786, ni àwọn òyìnbó fi ń kọ́ irú odi bẹ́ẹ̀ sí etí òkun náà, láti Keta títí dé Beyin. Gbogbo ibùsọ̀ wọ̀nyí kò ju nǹkan bí 500 kìlómítà lọ.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ ODI NÁÀ

Ẹ lè rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ọ, tàbí àwọn ará Hóláǹdì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ aládé ilẹ̀ Jámánì kan, Frederick William ará Brandenburg, ni ó rán ènìyàn wá kọ́ ọ. Ìjọba rẹ̀ kò tóbi, ogun sì ti bà á jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe rẹ̀ ó ti gbé ní ilẹ̀ Hóláǹdì, ó sì ti rí bí òwò orí òkun ti sọ orílẹ̀-èdè kékeré yẹn di ọlọ́rọ̀. Ó fẹ́ kí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1681, ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ kan bá àwọn olórí mẹ́ta ní ilẹ̀ Ahanta dá májẹ̀mú. Ní ọdún 1682, ó dá ẹgbẹ́ oníṣòwò kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfríkà, ó sì rán ọkọ̀ méjì jáde, Morian àti Churprinz, lábẹ́ àṣẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Otto Friedrich von der Groeben.

Ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ kíyèsí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Kí ó tó wá sí Guinea, ó ti rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí ó sì kọ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1694, arìnrìn-àjò mímọ́ ni a pè é ní iwájú ìwé náà, ìrìn Jerúsálẹ́mù àti ìrìn Guinea sì wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi pé ó pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù January, ọdún 1683, Groeben gun òkè Manfro pẹ̀lú ìlù àti fèrè, ó gbé àsíá Brandenburg sókè, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ pe òkè náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe odi náà ní Gross Friedrichsburg. Ibà mú àwọn ènìyàn rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n kọ́ odi kejì sí Akwida, tí kò jìnnà sí Cape Three Points. Dorothea ni wọ́n pe ìyẹn, àwókù rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Bosman, oníṣòwò ará Hóláǹdì kan tí ìwé rẹ̀ nípa Guinea jáde ní ọdún 1704, ka àgbá 46 ní Gross Friedrichsburg. Ó yin ẹnu ọ̀nà odi náà pé ó lẹ́wà ju ti gbogbo odi yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó tún fi í ṣẹ̀fẹ̀: ó ní ẹnu ọ̀nà náà tóbi ju odi lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n máa tì í pa, kí odi má baà gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀tá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọmọ aládé yìí kọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ibi tí a kọjú àwọn àgbá sí ní irú odi báyìí. Púpọ̀ nínú wọn, òkun ni wọ́n kọjú sí. Ẹ̀rù ara wọn ni ó ba àwọn òyìnbó jù lọ, nítorí pé olúkúlùkù ń wá ọ̀nà láti gba òwò lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ní ti àwọn onílẹ̀, májẹ̀mú àti ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń bá wọn gbé, nítorí láìsí oúnjẹ, omi àti ọjà láti ọwọ́ onílẹ̀, odi kan kò lè pẹ́ lórí òkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Òwò wo ni wọ́n ń ṣe? Wúrà ni, eyín erin ni, ènìyàn sì ni. Wọ́n fi wúrà Guinea rọ owó ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì ya àwòrán ọkọ̀ sí i lára. Ní ti àwọn ènìyàn, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà mẹ́rin, C A B C, sí wọn lára, èyí tí í ṣe àmì ẹgbẹ́ oníṣòwò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí erékùṣù St. Thomas ní òkun Caribbean, níbi tí àwọn ará Brandenburg ti gba àyè lọ́wọ́ ọba Dẹ́nmáàkì ní ọdún 1685. Yàrá òkùnkùn tí a tì wọ́n mọ́ wà nínú odi kan náà tí a ti ń rí òkun dídán láti orí ògiri rẹ̀.

ỌKÙNRIN TÍ Ń JẸ́ JAN CONNY

Òwò náà kò mú èrè tí Frederick William retí wá. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí orúkọ àwọn méjèèjì jọ, jọba ní Prussia ní ọdún 1713, kò fẹ́ràn ohun tí ó jẹ mọ́ òkun rárá. Ó ta àwọn odi náà fún àwọn ará Hóláǹdì. Ohun tí ó gbà ni 7,200 owó wúrà tí a ń pè ní ducat, àti àwọn ọmọkùnrin adúláwọ̀ 12. Bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn wà lára owó tí a fi san odi náà.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí a kò bi léèrè. Jan Conny ni orúkọ rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní John Conny. Ọmọ ilẹ̀ Ahanta ni, oníṣòwò ni, ó ní ọmọ ogun, ọ̀rẹ́ àwọn ará Brandenburg sì ni. Nígbà tí ọ̀gá wọn tí ó kẹ́yìn padà sílé ní ọdún 1716, ọwọ́ Conny ni ó fi odi sí. Nígbà tí àwọn ará Hóláǹdì dé pé àwọn ti ra odi náà, Conny ní òun kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tí ọba Prussia bá rán nìkan ni òun yóò kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Wọ́n rán ọmọ ogun wá, Conny sì pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn ìyókù sá padà sínú ọkọ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1724, ọkùnrin Ahanta yìí ni ó di odi òyìnbó náà mú, kí àwọn ará Hóláǹdì tó borí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, tí wọ́n sì sọ odi náà ní Hollandia.

John Atkins, oníṣègùn nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1721, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1735. Ó ní ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ pọn omi ní ilẹ̀ Conny gbọ́dọ̀ san owó omi, ìwọ̀n wúrà kan tí Conny ti là sílẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ gba owó yìí, a rán ìránṣẹ́ lọ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ tí a fi wúrà dé lórí, tí a gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rò pé ọkọ̀ ọba kì í san owó omi fún ẹnikẹ́ni. Conny mú àwọn atukọ̀ wọn ní etí odò, ó sì tì wọ́n mọ́lé títí wọ́n fi san wúrà náà, pẹ̀lú ọtí líle lórí rẹ̀.

Mo rí i pé inú àwọn ọ̀dọ́ wa ń dùn. Ó tọ́ kí ó dùn. A ti ka ìwé púpọ̀ nínú èyí tí àwọn baba wa kò ṣe ohun kan bí kò ṣe pé wọ́n ń sá kiri. Conny kò sá. Ó mọ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé onílẹ̀ ni ó ni omi, ẹni tí ó bá sì ni omi ni ó ni odi.

Ìtàn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní ọdún 1774, Edward Long kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa erékùṣù Jamaica pé ìrántí John Conny ni eré egúngún tí àwọn ẹrú ibẹ̀ ń ṣe ní àkókò Kérésìmesì, tí a ń pè ní Jonkonnu títí di òní. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó gba èyí gbọ́, nítorí àwọn kan ń wá orísun orúkọ náà sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Long bá jẹ́ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kí ni Jan Conny ń tà?

Ènìyàn ni ó ń tà pẹ̀lú. Òwò tí àwọn ará Brandenburg ń ṣe ní òkè Manfro kò parí nígbà tí wọ́n lọ. Conny ń bá a lọ pẹ̀lú ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yòówù tí ó bá dé, àwọn yàrá òkùnkùn inú odi náà sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò gbà kí òyìnbó kankan jẹ gàba lé òun lórí ni ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lé òyìnbó lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ìgboyà yàtọ̀ sí òdodo. Ènìyàn lè ní ọ̀kan kí ó má ní èkejì. Nígbà tí a bá rí akọni nínú ìtàn wa, ayọ̀ a máa mú wa gbàgbé láti béèrè pé ta ni ó gbèjà, ta ni ó sì tà. Bí a kò bá béèrè èyí, a ó máa fi orúkọ akọni bo ẹkún ẹrú mọ́lẹ̀.

Kí a má sì rò pé ọ̀ràn àwọn Ahanta nìkan ni èyí. Ọba Kòsọ́kọ́ dúró gírí ní Èkó nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun kọlu ìlú náà ní oṣù December, ọdún 1851. Òwò ẹrú sì ni ọrọ̀ ìjọba rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin takuntakun, kọ̀ láti foríbalẹ̀ fún aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, a lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1856, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Òun náà ta ẹrú. Orúkọ wọn wà lára ojú ọ̀nà àti gbàgede wa. N kò sọ pé kí a pa orúkọ wọn rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa sọ ìtàn wọn tán fún àwọn ọmọ wa, kí a má ṣe dúró sí ìdajì.

AWỌN TÍ A SIN ÀTI ÀWỌN TÍ A KÒ SIN

Ohun kan tún wà nínú ìwé Atkins tí kò yẹ kí a fò. Ní gbogbo etí òkun náà ni a ti ń sọ ọ́ pé Conny fi agbárí àwọn ará Hóláǹdì tí ó pa tẹ́ ojú ọ̀nà tí ó wọ ilé rẹ̀. Oníṣègùn yìí bi í léèrè pé níbo ni àwọn agbárí náà wà. Conny dá a lóhùn pé ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, òun ti kó gbogbo wọn sínú àpótí, òun sì ti sin wọ́n pẹ̀lú ọtí, ìkòkò tábà àti tábà, nítorí ó tó àkókò kí odì parí, àti pé bí àwọn ti ń bọ̀wọ̀ fún òkú ní ilẹ̀ àwọn nìyẹn, pé kí a fi ohun tí ó fẹ́ràn sin ín. Síbẹ̀, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn ṣì wà lára igi ní àgbàlá rẹ̀, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ya ènìyàn lẹ́nu. Nínú ọkàn ọkùnrin kan náà, ìkà wà níbẹ̀, àánú sì wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé òkú ọ̀tá pàápàá yẹ fún ìsìnkú. Ó mọ̀ pé odì gbọ́dọ̀ ní òpin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: ta ni ó sin àwọn tí a tà? Àwọn ọ̀tá tí ó wá fi ogun gba odi rí àpótí, wọ́n rí ọtí, wọ́n rí tábà. Àwọn tí a kó gba ẹnu ọ̀nà ńlá yẹn jáde lọ sínú ọkọ̀, tí wọ́n kú sójú omi, kò rí ohun kan. Iyanrìn kò bò wọ́n, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan. Iye wọn nìkan ni akọ̀wé ọkọ̀ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó.

Àwa Yorùbá mọ bí èyí ti rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun mìíràn ni a gbà lọ. Láti Wídà, Àgbádárìgì àti Èkó ni a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba, pàápàá ní ìgbà tí ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́. Àjàyí, tí a kó ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn bí a ti kó o. A mọ orúkọ ìlú rẹ̀, a mọ ẹkún ìyá rẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni a fi lè fojú inú wo àwọn ìyókù. Àjàyí mélòó ni kò rí ìgbàlà, tí kò rí ìwé kọ?

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A BẸ IRÚ IBẸ̀ WÒ

Àwọn ará Hóláǹdì fi òkè Manfro sílẹ̀ nígbà tí ó yá, ní ọdún 1872 ni wọ́n sì kó gbogbo odi wọn ní Gold Coast lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún 1884, ọdún kan náà tí Jámánì gba Tógò àti Kamẹrúùnù, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Sophie yà síbẹ̀, ó sì kó nínú àgbá àtijọ́ lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ògo. Ní ọdún 1895, a fi orúkọ Groeben pe ojú ọ̀nà kan ní etí odò Spree ní ìlú Berlin.

Orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2010, a yí i padà sí orúkọ May Ayim, obìnrin akéwì tí a bí ní Jámánì ní ọdún 1960, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, tí ó sì kú ní ọdún 1996. Àwọn ọmọ àwọn tí ó kọ́ odi náà ti jókòó, wọ́n ti wo ẹni tí àwọn ń yìn, wọ́n sì ti yan ẹlòmíràn. Ó yẹ kí àwa náà, tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó ènìyàn, jókòó bẹ́ẹ̀ láti wo tiwa.

Nítorí náà, bí Ọlọ́run bá fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní àǹfààní láti dé Princes Town, tàbí Elmina, tàbí Àgbádárìgì tí ó wà nítòsí wa, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín láti ṣe.

Èkíní, ẹ wo ẹwà ibẹ̀, kí ẹ má sì tijú. Òkun kò ṣẹ̀. Igi àgbọn kò ta ẹnikẹ́ni. Àwọn apẹja tí ń gbé nísàlẹ̀ òkè náà ní ẹ̀tọ́ pé kí àlejò yin ilẹ̀ wọn, kí ó ra ẹja wọn, kí ó sì kí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a kí onílé.

Èkejì, ẹ má ṣe dúró lórí ògiri nìkan. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wọ àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí ẹ tó tún gòkè lọ wo omi. Láti orí ògiri ni a ti ń rí ohun tí ó dùn mọ́ ọ̀gá odi. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹrú.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹ sọ fún un pé òyìnbó wá láti ọ̀nà jíjìn láti ra ènìyàn, àti pé ẹni tí ó ti Jerúsálẹ́mù bọ̀ wà lára wọn. Ẹ sọ fún un nípa Jan Conny, tí kò bẹ̀rù àgbá ọkọ̀ ogun. Kí ẹ tún sọ fún un pé Conny ta ènìyàn. Ọmọ náà lè béèrè pé, ṣé ènìyàn rere ni tàbí ènìyàn búburú? Ẹ má ṣe yára dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà bá a délé, nítorí yóò wúlò fún un ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá di alágbára, tí àwọn ènìyàn bá ń yìn ín fún ìgboyà rẹ̀, tí àwọn aláìlágbára sì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo wa pátá ni agbára díẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní in, ìyá ilé tí ó gba ọmọ ọ̀dọ̀ ní in, olùkọ́ ní in, àgbà ìjọ náà ní in. Ẹni tí ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà lójú gbogbo ayé nítorí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lè máa fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé. Òkè Manfro ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè pé, àwọn wo ni ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ rẹ?